Bí A Ti Fi Ìṣẹ́kù Ohun Ìṣeré Kérésìmesì Tẹ Ìlú Kékeré Dó

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ mọ bí ọdún Kérésìmesì ti rí ní ìlú kan, kí ó má ṣe lọ wo ìkòkò ọbẹ̀, nítorí a ó ti fọ ìyẹn. Kí ó má sì ṣe lọ wo aṣọ tuntun, nítorí a ó ti ká ìyẹn sínú àpótí. Kí ó lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí a wọlé nínú oṣù kìíní ọdún, kí ó sì wo inú àpò àwọn ọmọdé. Níbẹ̀ ni yóò ti rí mọ́tò oníke tí táyà rẹ̀ ku mẹ́ta, aago ọwọ́ tí kò lè sọ iye aago, jígí ojú tí ojú rẹ̀ kan ti jábọ́, fèrè tí kò dún mọ́, ọmọláńgidi tí kò ní apá, kìnnìún kékeré tí kò ní ìrù, àti ìlẹ̀kẹ̀ mélòó kan tí okùn wọn ti já. Kò sí èyí tí ó pé nínú wọn. Síbẹ̀ bí a bá ní kí ọmọ tí ó ni ín jù ú nù, omijé ni yóò fi dá wa lóhùn.

Nípa irú àwọn nǹkan wọ̀nyí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, nítorí mo gbàgbọ́ pé iṣẹ́ ńlá wà nínú wọn fún olùkọ́ tí ó bá ní sùúrù. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nìkan. Bí olùkọ́ bá ti ṣe sí ohun kékeré tí ọmọdé fẹ́ràn, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà yóò ti rò pé ó ń ṣe sí òun tìkára òun. Bí a bá sì fi ohun tí àwọn ọmọ kan ní kọ́ni láìronú kan àwọn tí kò ní, ìtìjú ni a ó fi kọ́ àwọn wọ̀nyí, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́.

Ní ilé-ìwé ìjọ tí èmi ti kọ́ ìwé ní kékeré, ọjọ́ Ẹtì ni a máa ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Ìgbálẹ̀ ni a ń ṣe, a sì ń hun ẹní kékeré. Gbogbo wa ni a jọ ń lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ, kò sì sí ọmọ tí imọ̀ ọ̀pẹ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ọmọ olówó, ìbáà ṣe ọmọ tálákà. Ohun ìṣeré tí a rà ní ọjà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ ẹni tí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ àti ẹni tí bàbá rẹ̀ kò ní. Èyí ni ó mú kí n ronú púpọ̀ kí n tó dáwọ́ lé ohun tí mo fẹ́ ròyìn yìí.

Nígbà tí a rán wa jáde láti lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ilé-ìwé ìjọ kan tí ó wà ní ẹ̀bá ọjà ni a fi mí sí, a sì fi kíláàsì kejì lé mi lọ́wọ́, àwọn ọmọ 38. Òfin wà ní ilé-ìwé náà pé ohun ìṣeré kò gbọ́dọ̀ wọ inú kíláàsì. Èyíkéyìí tí olùkọ́ bá rí, yóò gbà á, yóò sì kó o sínú páálí kan tí ó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Bí sáà bá parí, a ó kó ìyókù tí ẹnikẹ́ni kò wá béèrè jọ pẹ̀lú pàǹtí, a ó sì sun ún. Èmi kò rí ẹ̀bi nínú òfin náà, nítorí ọmọ tí ó ń ti mọ́tò lórí tábìlì kò lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó pé, páálí náà ti kún dé ìdajì, mo sì mọ̀ pé èéfín ike tí a ń sun kì í ṣe èéfín rere, nítorí májèlé wà nínú rẹ̀.

Mo tọ ọ̀gá wa lọ, mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní páálí náà. Ó ní, "Kí ni o fẹ́ fi pàǹtí ṣe, tíṣà?" Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ìlú ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ fi tẹ̀ dó." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí ìlú náà bá ti ní ọba, kí n wá pe òun kí òun wá wò ó.

Ẹ má ṣe rò pé ohun àjèjì ni kí ọmọdé fi ìṣẹ́kù ṣe ohun ìṣeré. Àwọn bàbá wa fi ìkarahun ìgbín ṣe òkòtó, wọ́n sì ń ta á. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn fi agolo sadíìnì ṣe mọ́tò, wọ́n fi ìdérí ìgò tàbí rọ́bà sálúbàtà ṣe táyà rẹ̀, wọ́n sì so okùn mọ́ ọn fà kiri àdúgbò. Ike olówó pọ́ọ́kú ni ó dé láìpẹ́ yìí tí ó jẹ́ kí a gbàgbé. Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè pàápàá kò fi ọwọ́ kékeré mú ohun ìṣeré. Ní ilẹ̀ Jámánì, Friedrich Froebel dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Bad Blankenburg ní ọdún 1837, "ẹ̀bùn" ni ó sì pe àwọn bọ́ọ̀lù olówùú àti igi gígé tí ó fi ń kọ́ wọn, kì í ṣe ohun ìṣeré lásán.

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹ rántí Òye-Èkìtì, níbi tí àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ọdún 1947 lábẹ́ àbójútó Fadá Kevin Carroll. Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ wa bíi George Bandele, ọmọ Àreògún ti Ọ̀sì, gbẹ́ ère ìbí Jésù níbẹ̀, wọ́n sì wọ àwọn Amòye ní ẹ̀wù àwọn ọba Yorùbá. Ẹ rántí El Anatsui pẹ̀lú, ọmọ ilẹ̀ Gánà tí ó kọ́ni fún ọdún púpọ̀ ní Yunifásítì Nsukka. Ìdérí ìgò ọtí tí àwọn ènìyàn jù nù ni ó fi wáyà so pọ̀ di aṣọ ńlá tí ó ń dán bí wúrà, títí a fi fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice ní ọdún 2015 fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ìdérí ìgò bá lè gun òkè bẹ́ẹ̀, kí ni yóò dá mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró?

Kí ọmọ kankan tó fi ọwọ́ kan páálí náà, mo kọ́kọ́ dá nìkan jókòó ṣà á. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ohun mẹ́rin ni mo yọ sọ́tọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ wọ́n. Èkíní ni bátìrì pẹlẹbẹ tí ó dàbí owó ẹyọ, èyí tí ó máa ń wà nínú aago ọwọ́ àti nínú ohun ìṣeré tí ń kọrin. Bí ọmọdé bá gbé e mì tí ó sì há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó ibẹ̀ láàárín wákàtí méjì péré. Èkejì ni òòfà, nítorí bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọn yóò fa ara wọn nínú ìfun, wọn yóò sì dá a lu. Ẹ̀kẹta ni àjákù bàlúùn, tí ó lè dí ọ̀nà èémí pa. Ẹ̀kẹrin ni bánga kan tí kò tíì dún. Mo rẹ òun sínú omi, mo sì fi han ọ̀gá wa.

Òṣùwọ̀n kan tún wà tí àwọn tí ń yẹ ohun ìṣeré wò ní Amẹ́ríkà ń lò. Ohunkóhun tí ó bá lè wọ inú ihò kékeré kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 31.7, wọn kì í gbà kí a ṣe é fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Àwọn ọmọ kíláàsì kejì ti dàgbà ju èyí lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní àbúrò nílé. Nítorí náà ni mo ṣe pinnu pé ìlú wa kò ní kúrò ní ilé-ìwé, a ó sì gbé e kọ́ sára ògiri níbi tí ọwọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi kò lè tó.

Ní ti ilẹ̀ ìlú náà, páálí ńlá méjì ni a fi ṣe é. A lẹ ọ̀kan lé èkejì, a sì jẹ́ kí ìlà inú ti òkè dábùú ìlà inú ti ìsàlẹ̀, nítorí bí ìlà méjèèjì bá lọ sí ibì kan náà, páálí yóò tẹ̀ ní kíákíá. Lẹ́ẹ̀ tí a fi ìyẹ̀fun gbágùúdá sè ni a lò, a sì sá páálí náà sí oòrùn títí ó fi gbẹ. Lẹ́ẹ̀ yìí dára fún ìwé àti aṣọ àti yanrìn. Ṣùgbọ́n kò wúlò fún ike dídán, nítorí lẹ́ẹ̀ ní láti rá wọ inú ohun kan kí ó tó lè dì í mú, ike kì í sì í mu omi. Okùn ni a fi ń mú ike. Mo fi abẹ́rẹ́ ńlá lu ihò méjìméjì sí ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò wà, àwọn ọmọ fi òwú gba inú ihò náà, wọ́n sì ta á ní kókó tí ó ṣeé tú lẹ́yìn páálí. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí a bàjẹ́, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ohun tirẹ̀ lè gbà á padà.

Ọ̀rọ̀ gbígbà padà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nígbà tí mo da páálí náà sílẹ̀ níwájú kíláàsì, mo ní kí olúkúlùkù wá tọ́ka sí tirẹ̀. Ọmọ 21 ni ó rí nǹkan tọ́ka sí. Ọmọ 17 dúró sí ẹ̀yìn. Nínú àwọn wọ̀nyí, àwọn kan jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí tí ọdún tiwọn kò tíì dé; àwọn kan sì jẹ́ ọmọ Kristẹni tí ọdún dé bá ilé wọn láìsí owó. Lójú kan náà ni àwọn olóhun bẹ̀rẹ̀ sí pàṣẹ. Ọ̀kan ní, "Èmi ni mo ni mọ́tò pupa, èmi ni n ó sọ ibi tí yóò gbà." Òmíràn ní, "Kìnnìún mi kò ní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù rẹ." Láti ẹ̀yìn ni ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ti rọra bi mí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà, kí ni èmi yóò fi síbẹ̀?"

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo ohun tí a kọ́ wa nípa bí a ti ń ṣètò ẹ̀kọ́ kò tó ìbéèrè yẹn. Bí mo bá sọ fún un pé kí ó yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, alágbe ni mo sọ ọ́ dà. Bí mo bá fún un ní èyí tí kò ní olóhun, ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni mo fún un. Mo ní kí gbogbo wọn wo páálí tí ó tẹ́jú níwájú wa. Mo ní, "Níbo ni ọ̀nà wà nínú ìlú yìí?" Wọ́n ní kò sí. Mo ní, "Odò ńkọ́? Ilé ńkọ́? Ọjà ńkọ́?" Wọ́n ní kò sí. Nígbà náà ni mo sọ fún ọmọ náà pé, "Ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ ni yóò la ọ̀nà. Kò sí ẹni tí yóò gbé mọ́tò wọ ìlú títí ẹ ó fi là á tán."

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àwọn ọmọ 17 náà fi ṣiṣẹ́. Wọ́n fi yanrìn ṣe ọ̀nà lórí lẹ́ẹ̀ tútù. Wọ́n fi àjákù aṣọ aláwọ̀ aró ṣe odò. Wọ́n fi àpótí ìṣáná ṣe ilé, wọ́n fi ọ̀já ìwé ṣe òrùlé rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ̀ṣẹ́ ìgbálẹ̀ ṣe igi, wọ́n sì fi ewé ìwé tútù wọ̀ ọ́ láṣọ. Ọmọkùnrin tí ó bi mí ní ìbéèrè náà kan afárá kan sórí odò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó ní bí kò bá sí i, àwọn ará òkè odò kò ní lè ná ọjà. Nígbà tí ó di ọjọ́ tí àwọn olóhun mú ohun wọn wá, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹni tí ó ní mọ́tò pupa ni ó ń bẹ ẹni tí ó la ọ̀nà pé kí ó jọ̀wọ́ fi ibi tí mọ́tò òun yóò gbà han òun. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, n kò sọ ohunkóhun.

Àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ wa lè béèrè pé, kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú ìṣirò àti ìwé kíkà, tí í ṣe olórí iṣẹ́ kíláàsì kejì? Ẹ jẹ́ kí n dáhùn. Mọ́tò mẹ́sàn-án ni ó wà nínú ìlú wa. Ọmọdébìnrin kan ka táyà wọn, ó ní 31 ni. Òmíràn ní irọ́ ni, pé mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 36. Àwọn méjèèjì jiyàn títí wọ́n fi rí i pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, àti pé táyà márùn-ún ni ó ti sọnù. Kò sí ẹni tí ó kọ ìṣirò yẹn sí pátákó fún wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀ kí a tó lọ sílé.

Ní ti ìwé kíkà, a kọ orúkọ ohun gbogbo sára ìwé pélébé, a sì lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọjà, odò, afárá, ààfin, ilé ìwòsàn. Ọmọ kan kọ "ọkọ" sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò láìfi àmì sí i. Ẹnìkejì rẹ̀ kà á sókè, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín pé ọkọ ìyàwó ta ni ó dùbúlẹ̀ sí àárín títì báyìí. Láti ọjọ́ náà ni àmì ohùn ti wọ̀ wọ́n létí, tí wọ́n sì ń fi ìyàtọ̀ sí ọkọ àti ọkọ̀ àti ọkọ́ láìṣẹ̀ṣẹ̀ rán wọn létí. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, wọ́n sì fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ náà tayọ àwọn ẹgbẹ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ó bá ń fi èdè ìyá rẹ̀ kọ orúkọ ìlú tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, kí ni kò ní lè kà?

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan rọgbọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹni tí ó ní mọ́tò pupa ní òun fẹ́ gba mọ́tò òun. Àwọn yòókù bínú, wọ́n ní yóò ba ìlú jẹ́. Àwọn kan ní kí n má ṣe gbà fún un. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí níwájú gbogbo wọn pé olóhun lè gba ohun rẹ̀, bí olùkọ́ bá sì ti yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ohun tí yóò tún fi kọ́ ọmọdé ní òtítọ́. Mo tú kókó náà, mo fún un ní mọ́tò rẹ̀, ó sì gbé e lọ sílé. Kò dá a padà títí mo fi kúrò ní ilé-ìwé náà, èmi kò sì bá a wí. Àwọn tí ó la ọ̀nà jókòó, wọ́n gbìmọ̀, wọ́n fi àpótí ìṣáná kan àti ìdérí ìgò mẹ́rin ṣe mọ́tò mìíràn sí ipò rẹ̀. Wọ́n ní tiwọn sàn jù, nítorí táyà rẹ̀ pé mẹ́rin.

Nígbà tí ìlú náà parí, mo lọ pe ọ̀gá wa gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó béèrè àwọn orúkọ, ó sì ní, "Ọba yín dà?" Wọ́n fi ọmọláńgidi tí kò ní apá hàn án, tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ààfin, pẹ̀lú adé kan tí wọ́n ti sín láti inú ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Ó ní, "Ẹ jẹ́ mọ̀ pé ọba yín kò lápá." Ọmọdébìnrin kan dá a lóhùn pé, "Ẹ má wo apá rẹ̀, mà, adé rẹ̀ ni kí ẹ wò." Láti ọjọ́ náà ni ó ti pàṣẹ pé a kò gbọ́dọ̀ sun ohun tí ó bá wà nínú páálí náà mọ́, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan máa gbà á lò ní sáà tirẹ̀. Òfin àtijọ́ ṣì wà síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mú ohun ìṣeré wọ kíláàsì, ó sì yẹ kí ó wà.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú èyí kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti lu ihò, láti yọ ohun tí ó lè pani lára kúrò, àti láti wá ipò fún ẹni tí kò mú nǹkan lọ́wọ́ wá. Ìyókù, ọwọ́ àwọn ọmọ ni ó wọ̀ ọ́. Bí a bá sì fẹ́ fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ díẹ̀ kọ́ gbogbo kíláàsì, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ní ìbéèrè ọmọkùnrin nì: kí ni ẹni tí kò ní yóò fi síbẹ̀? Bí a kò bá rí ìdáhùn, kí a fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí a ó fi rí i. Bí a bá sì rí i, kí a fún un ní èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, bí ọ̀nà ti ṣe pàtàkì ju mọ́tò lọ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Sáà tí ń bọ̀ ni a ó rán ọ̀pọ̀ nínú yín jáde. Bí ẹ bá dé ilé-ìwé tí a fi yín sí, tí ẹ ti kí ọ̀gá tán, tí ẹ sì ti gba ìwé orúkọ àwọn ọmọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè ibi tí wọ́n ń kó ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn sí.